Bí a ṣe ń po gọ́ọ̀mù résìnì kíki tí a fi ń so pákó ọkọ̀ ojú omi pọ̀

Bí ìsopọ̀ pákó bá já níbi gọ́ọ̀mù, tí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ya rárá, ẹ má tètè sọ pé gọ́ọ̀mù náà kò ki tó. Mo ti já púpọ̀ wò, tèmi àti ti ẹlòmíràn, ohun mẹ́ta kan náà ni mo sì máa ń bá níbẹ̀. Ẹni tó pò ó kò wọn résìnì àti hádínà (ohun tí a ń pò mọ́ résìnì kó lè gan, ìyẹn ni pé kó lè le) bó ṣe yẹ, tàbí kò rò ó dé ìsàlẹ̀ ife, tàbí kò jẹ́ kí pákó kọ́kọ́ mu résìnì kó tó fi gọ́ọ̀mù kíki lé e. Kò sí èyí tí lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń mú gọ́ọ̀mù ki lè tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù. Mímú gọ́ọ̀mù ki fúnra rẹ̀ kò le. Igi tí ẹ fi ń rò ó ni yóò sọ fún yín pé ó ti tó.

Epoxy ni résìnì tí mò ń sọ, kì í ṣe polyester. Polyester máa ń rùn gan-an, epoxy kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Polyester bá fáíbà, aṣọ tí a fi fọ́nrán gíláàsì hun, mu, ṣùgbọ́n kì í di igi mú bíi ti epoxy, ó sì máa ń sún kì bó bá ń gan. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré Mirror, èyí tí Jack Holt àti Barry Bucknell ya àwòrán rẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, wáyà bàbà ni wọ́n fi ń rán pákó rẹ̀ pọ̀, téèpù fáíbà àti polyester ni wọ́n sì fi ń bo ojú rírán. Ọkọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kì í ṣe káfíńtà mọ̀ pé àwọn náà lè kan ọkọ̀ nínú ilé. Ọ̀nà rírán náà ṣì wà títí dòní. Résìnì ló yí padà.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín résìnì méjèèjì tó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Hádínà polyester kì í sábà ju 1 tàbí 2 nínú 100 lọ. Ṣe ló kàn ń ti résìnì náà kó bẹ̀rẹ̀ sí í gan, èèyàn sì lè fi díẹ̀ kún un tàbí kó dín in kù bó bá fẹ́ kó yá tàbí kó pẹ́. Ti epoxy kò rí bẹ́ẹ̀. Hádínà epoxy jẹ́ ara gọ́ọ̀mù náà. Ẹ fi wé bọ́tìnì àti ihò rẹ̀: bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ihò tirẹ̀ wọ̀. Bí hádínà bá pọ̀ jù, èyí tó ṣẹ́ kù kò ní rí ohun tí yóò dì mọ́, inú gọ́ọ̀mù ni yóò jókòó sí, gọ́ọ̀mù náà yóò sì rọ̀. Bó bá kéré jù, résìnì ni yóò ṣẹ́ kù, bákan náà ló máa já sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí epoxy tètè gan, hádínà tí wọ́n ṣe láti yára ni kí ẹ lò. Ìpín rẹ̀ ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó ṣí ike résìnì

Ọ̀rọ̀ awọ ara ló ṣáájú. Epoxy tí kò tíì gan lè mú kí ara ẹni kọ̀ ọ́. Ó lè má ṣe yín ní nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, kí ọwọ́ tàbí ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín lójijì, kó sì wú. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ báyìí, kì í sábà gbà á mọ́. Mo mọ ẹni tó ní láti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nítírílì nígbà gbogbo, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Bí résìnì bá kan ara, ẹ fi bébà nù ún, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ásítóònù tàbí tínà fọ ọwọ́ láé, torí ńṣe ni wọ́n ń ti résìnì náà wọnú awọ. Fínígà funfun dára láti fi nu irinṣẹ́ kí résìnì tó gan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kan ojú pákó tí ẹ fẹ́ lẹ̀.

Ẹ wọ ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń bu lẹ́búlẹ́bú. Sílíkà, ọ̀kan nínú lẹ́búlẹ́bú náà, fúyẹ́ débi pé èémí lásán ń gbé e dìde kúrò nínú agolo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to pákó pọ̀ láìsí gọ́ọ̀mù, kí ẹ fi kílááǹpù tàbí wáyà mú un bí yóò ṣe rí gan-an. Ìgbà yìí ni kí ẹ mọ̀ pé kílááǹpù kan kúrú, kì í ṣe ìgbà tí gọ́ọ̀mù ti wà lójú pákó. Kò pọn dandan kí ojú pákó méjèèjì fẹnu kora ṣinṣin bí gọ́ọ̀mù káfíńtà ṣe ń fẹ́. Epoxy kíki ń kún àlàfo, agbára rẹ̀ kì í sì í dín kù níbẹ̀. Pákó náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kí omi inú rẹ̀ má ju nǹkan bí 12 nínú 100 lọ. Ẹ fi sáńpépà 80 ha ojú tí ẹ fẹ́ lẹ̀, kí ẹ gbá ẹrùkù rẹ̀ kúrò, kí ẹ má sì fi ọwọ́ olóògùn tàbí ọwọ́ olóròóró kàn án mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọ̀n ọ́n

Ìpín wà lára àkọlé. Ó lè jẹ́ résìnì 1 sí hádínà 1, 2 sí 1, 3 sí 1 tàbí 5 sí 1, bí ẹni tó ṣe é bá ṣe pò ó. Ẹ má gbé hádínà kan fún résìnì mìíràn torí pé ìpín wọn jọra.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá ìpín náà jẹ́ ti bó ṣe kún ife tó tàbí ti ìwúwo. Résìnì wúwo ju hádínà lọ nínú ọ̀pọ̀ epoxy, nítorí náà 2 sí 1 nínú ife kì í ṣe 2 sí 1 lórí òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń kọ méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má lú wọn pọ̀.

Bí ìpín bá jẹ́ 2 sí 1 tí ẹ sì fẹ́ 90 mílílítà, 60 ni résìnì, 30 ni hádínà. Bó bá jẹ́ 5 sí 1, 75 àti 15. Ẹ wo 15 yẹn dáadáa. Bí ọwọ́ yín bá ṣì í pẹ̀lú mílílítà 3 péré, ẹ ti ṣi ìdá kan nínú márùn-ún hádínà. Bí ohun tí ẹ ń pò bá ṣe kéré tó ni àṣìṣe kékeré ṣe ń di ńlá. Fún ìwọ̀n kékeré, síríǹjì ló tẹ́ mi lọ́rùn jù: ọ̀kan fún résìnì, ọ̀kan fún hádínà, kí a fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàmì sí wọn, kí wọ́n má sì pààrọ̀ ipò láé. Bí pọ́ǹpù lẹ ń lò, ẹ fún un títí afẹ́fẹ́ fi tán lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí ẹ fún un sókè ketekete. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín nígbà tí ẹ ń kà á, ẹ má dá a lóhùn. Bí iye náà bá dà rú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ da ife yẹn nù. Àdánù ife résìnì kan kò tó ti ọkọ̀ tó ń jò.

Bí ẹ bá ṣí résìnì tí ẹ sì rí i pé ó ti dì bí oyin àtijọ́, tí hóró-hóró funfun wà nínú rẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Ẹ gbé ike náà sínú omi gbígbóná, bíi 50°C, títí yóò fi mọ́ gaara, kí ẹ wá jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rò ó, láìsí lẹ́búlẹ́bú

Ẹ lo ife ike tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ àti igi tí orí rẹ̀ gé gbọọrọ, tí kò rí ṣóńṣó, kó lè ha gbogbo kọ̀rọ̀ ìdí ife. Ife bébà tí wọ́n fi ìda kùn nínú kò dára, torí igi yóò máa ha ìda náà wọ inú gọ́ọ̀mù.

Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú méjì gbáko, ó kéré tán. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́, kì í ṣe bí ìgbà tí èèyàn ń na nǹkan. Ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ máa ha ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa nu ara igi fúnra rẹ̀ sí etí ife, torí résìnì tí kò pò ló máa ń lẹ̀ mọ́ igi yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ ó rí ìlà-ìlà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ṣúgà ń yòrò nínú omi. Nígbà tí ìlà náà bá tán, ẹ tún rò ó sí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo máa ń da gbogbo rẹ̀ sínú ife kejì tó mọ́, màá tún rò ó fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ohunkóhun tí kò pò tó lẹ̀ mọ́ ìdí ife kìíní yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe báyìí, n kò tún bá ojú kan tó rọ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ láàárín gọ́ọ̀mù tó ti gan mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí pákó mu

Ẹ má tíì fi lẹ́búlẹ́bú sí i. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi résìnì ṣíṣàn yìí kun ojú pákó méjèèjì tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ra.

Ìdí rẹ̀ ni pé òùngbẹ ń gbẹ igi. Ibi tí ayùn ti gé pákó kún fún ihò tóóró-tóóró, wọ́n sì máa ń fa résìnì mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bí gọ́ọ̀mù kíki bá bá wọn ní gbígbẹ, wọn yóò fa résìnì inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ nìkan ni yóò kù láàárín. Ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dára lójú, ọwọ́ sì lè já a.

Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ padà wò ó. Ibi tó ń dán ti mu yó. Ibi tí kò dán mọ́ ṣì ń fẹ́, ẹ tún un kùn. Ẹnu ìgé pákó plywood sábà máa ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú un ki

Ìgbà yìí ni lẹ́búlẹ́bú kàn, irú èyí tí ẹ lò sì ṣe pàtàkì. Lẹ́búlẹ́bú pákó lílọ̀ kúnná lágbára, àwọ̀ rẹ̀ sì bá igi mu. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún inú kọ̀rọ̀, ibi tí pákó méjì ti pàdé ní igun. Èyí tí ẹ̀rọ sáńpépà kó jọ ṣe é lò bó bá jẹ́ ti igi mímọ́, tó gbẹ, tí ẹ sì sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èrúnrún ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Sílíkà kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ṣàn kúrò lójú ibi tó dúró gangan, ó sì ń mú kó dán. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń le bí òkúta, ọwọ́ yóò ro yín kí ẹ tó fi sáńpépà ha á tán. Òwú lílọ̀ dára fún ìlẹ̀mọ́ra pákó sí pákó. Microballoon, lẹ́búlẹ́bú tí hóró rẹ̀ kéékèèké ṣófo nínú, yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti ha, ṣùgbọ́n kò lágbára. Kíkún ojú tí kò tẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi so pákó kankan tó ń gbé ọkọ̀ ró.

Àpòpọ̀ tí mo gbára lé ni lẹ́búlẹ́bú pákó tó pọ̀, pẹ̀lú sílíkà díẹ̀ kó lè jókòó.

Bí hádínà ṣe fẹ́ ìwọ̀n tó péye tó, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú kò fẹ́ ìwọ̀n rárá. Ojú ni a fi ń ṣe é. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rò ó títí kóró-kóró gbígbẹ kò fi sí mọ́, kí ẹ tó tún bù sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igi sókè.

Bó bá ṣì ń ṣàn lọ bí okùn oyin, kíkùn nìkan ló wà fún. Bó bá rọ̀ mọ́ igi díẹ̀, tó wá já bọ́ ní ìṣùpọ̀, tó rí bí ìpara nínú ike, ó ti dára fún lílẹ pákó mọ́ra. Bó bá dúró ṣánṣán lórí igi, tí ẹ yí igi náà sísàlẹ̀ tí kò jábọ́, tí ṣóńṣó tí ẹ fà sókè nínú ife kò sì tẹ̀, ó ti dé ibi tí a ń fẹ́ fún kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi díẹ̀ ra ara àjákù pákó kan, kí ẹ gbé e dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ fi kún un. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú, ẹ mú un ki ju bó ṣe yẹ lójú lọ, torí ooru ń sọ ọ́ di ṣíṣàn kó tó gan.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tú u ká kíákíá

Epoxy ń mú ooru jáde bó ṣe ń gan, ooru náà sì ń mú kó tún yára gan sí i. Nínú ife jíjìn, ooru náà kò rí ibi gbà jáde. Mo po nǹkan bí 400 mílílítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan, mo wá lọ tún kílááǹpù kan ṣe. Nígbà tí mo padà dé, ife ti ń rú èéfín, ìdí rẹ̀ ti yọ́, mo sì ní láti fi pẹnsẹ́ gbé e síta. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti pò ó tán, inú àwo pẹrẹsẹ ni mo máa ń dà á sí, èyí sì máa ń fi ìṣẹ́jú púpọ̀ kún àkókò tí mo ní. Bí ooru ibi iṣẹ́ bá fi 10°C lọ sókè, àkókò náà máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ máa pò ó níwọ̀n kékeré léraléra.

Fún pákó tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ra pẹrẹsẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú kan, kí ẹ tẹ èkejì lé e, kí ẹ sì fi ọ̀rá sáàárín kílááǹpù àti pákó. Fún ìsopọ̀ onídàgẹ̀rẹ̀ lára plywood, níbi tí a ti gé etí pákó méjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gorí ara wọn, ìdàgẹ̀rẹ̀ náà yẹ kó gùn tó ìlọ́po 8 nínípọn pákó: pákó mìlímítà 6 yóò gba mìlímítà 48. Ìsopọ̀ yìí máa ń fẹ́ yọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ kan ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn. Ẹ má fún kílááǹpù le. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ti yọ tínrín jáde ní gbogbo etí, ó tó. Ẹni tó bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lé gọ́ọ̀mù jáde kúrò níbi tó ti fẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Pákó tí a fi wáyà rán gba sùúrù ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù kíki sí àárín wáyà sí wáyà nìkan, ní kékeré, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ rìn jìnnà sí ọkọ̀ náà, kí ẹ wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀yìn bóyá ó lọ́. Lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá gan, kò sí ẹni tí yóò lè tún un ṣe. Nígbà tó bá gan, ẹ fa wáyà yọ. Èyí tó bá há, ẹ fi irin jíjó tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì gbóná sí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; epoxy yóò rọ̀, wáyà yóò sì yọ.

Ẹ wá kun gbogbo kọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú résìnì ṣíṣàn, kí ẹ kó gọ́ọ̀mù kíki sínú àpò ọ̀rá, kí ẹ gé igun rẹ̀ kan, kí ẹ sì fún un jáde gbọọrọ lọ láti òpin dé òpin. Igi pẹlẹbẹ tí orí rẹ̀ rí rìbìtì ni kí ẹ fi wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró. Fún plywood mìlímítà 6, orí igi tí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 20 ni mo máa ń lò, àfi bí àwòrán ọkọ̀ bá sọ òmíràn. Ẹ ha èyí tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan báyìí ń gbà yín lọ́wọ́ wákàtí kan ìdí sáńpépà. Bí téèpù fáíbà yóò bá wà lórí rẹ̀, kí gọ́ọ̀mù náà tó le ni ó dára jù láti tẹ́ ẹ, nígbà tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka ṣùgbọ́n tí kò bá ìka jáde mọ́.

Ní ọjọ́ kejì

Ọ̀pọ̀ epoxy ń le tó láti yọ kílááǹpù lẹ́yìn wákàtí 24 níbi tí kò bá tutù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pé títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà sọ sórí omi kí ìyẹn tó pé. Oòrùn ń ba epoxy jẹ́, nítorí náà ọ̀dà tàbí fáníìṣì gbọ́dọ̀ bò ó bó bá yá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi epoxy mìíràn lé èyí tó ti le, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń yọ ohun kan tó yọ̀ bí ìda sójú. Omi lásán àti kànrìnkàn ni kí ẹ fi fọ ìyẹn kúrò, kí ẹ nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi sáńpépà ha á. Bí ẹ bá fi sáńpépà ṣáájú omi, ẹ ó kàn ti ìda náà wọnú ojú tí ẹ ha ni, kò sì sí ohun tí yóò dì í mú.

Ife tí ẹ fi po gọ́ọ̀mù, ẹ má jù ú nù lálẹ́ yẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì kọ apá ọkọ̀ tí ẹ lò ó fún. Ní àárọ̀, ẹ fi èékánná tẹ ìyókù inú rẹ̀. Bí èékánná kò bá wọlé, ìsopọ̀ yẹn náà ti le. Bó bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta níbi tó móoru, kò ní le mọ́, ẹ má sì kun hádínà lé e lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ásítóònù nu ojú pákó títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ẹ fi sáńpépà ha á dé ara igi, kí ẹ tó po òmíràn.